Ọ̀nà Omi Àwọn Aláàrò

Bí ó bá ṣe pé owú ń jó bí igi ni, Rónkẹ́ ìyàwó Àmúsà kì bá tí ra igi ìdáná ní àárọ̀ Sátidé tí à ń wí yìí. Ó jókòó lórí àpótí níwájú ààrò rẹ̀, ó ń to ẹja ọ̀bọ̀kún sórí wáyà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára ẹja. Ojú rẹ̀ wà ní òdìkejì àgbàlá, níbi tí Ummulkhair, ìyá Aneesah, ìyàwó Múrítàlá àbúrò ọkọ rẹ̀, ti ń dé fìlà lé orí híjáàbù.

Fìlà náà kì í ṣe fìlà kan bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ewé ni, wọ́n sì fi òwú funfun kọ orúkọ kọ́ńpìnnì sí iwájú rẹ̀. Kọ́ńpìnnì tó fẹ́ kọ́ ibi ìgbafẹ́ ńlá sí etí ọ̀sà ló fún un, pẹ̀lú káàdì aláwòrán tó ń gbé kọ́ ọrùn. Ní gbogbo Èbúté Aláàrò, lẹ́yìn Ìwáyà lọ́hùn-ún, níbi tí èéfín ẹja kì í kúrò lára aṣọ bí a fọ̀ ọ́ bí a ò fọ̀ ọ́, obìnrin kan ṣoṣo ló ní irú fìlà bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe Rónkẹ́.

Ẹni tó bá mọ àṣà ibẹ̀ yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ta á lára. Rónkẹ́ ni ìyálé àgbàlá náà. Òun ló kọ́ Ummulkhair bí a ṣe ń fi èèpo àgbọn dá iná rọ̀, kí ẹja má baà dúdú lẹ́yìn kó sì tutù nínú. Bí ọkọ̀ apẹja bá ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, Àgòsú ará Ẹ̀gùn yóò ti orí omi kígbe, "Ìyá Quadri o," gbogbo obìnrin yóò sì dúró kí Rónkẹ́ kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ inú ọkọ̀. Bí ìyálé kò bá tíì mú tirẹ̀, ìyàwó kankan kò gbọdọ̀ na ọwọ́. Kò sí ẹni tó kọ òfin yìí síbì kan, kò sì sí ẹni tó ń rú u.

Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ́ńpìnnì ní kí àwọn obìnrin yan ẹnì kan tí yóò máa gbẹnu sọ fún wọn, wọn kò bèèrè ìyálé. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bèèrè, gbogbo ìka sì na sí Ummulkhair. Àtìgbà náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu Rónkẹ́ mọ́. Bí Ummulkhair bá rẹ́rìn-ín, ó dà bíi pé òun ló ń rín. Bó bá dákẹ́, Rónkẹ́ á ní ìgbéraga ti mú un, kò bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ummulkhair parí fìlà dídé, ó wá kúnlẹ̀ síwájú ààrò ìyálé rẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú iná."

"Òo. Káàárọ̀, Alága."

Ummulkhair ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ Alága. "Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ kí mítìn tó bẹ̀rẹ̀. Mo wo àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n mú wá. Ibi tí àwọn Àgòsú ti ń gúnlẹ̀ yẹn, odò ìwẹ̀ àwọn àlejò ni wọ́n yà síbẹ̀. Mo wá a títí, n ò rí ọ̀nà kankan tí àwa máa gbà débi omi. Ìjọba ti ní wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan láìjẹ́ pé àwa tí à ń fi etí omi jẹun fọwọ́ sí i. Èmi ni wọ́n fẹ́ kí n sáìnì fún àwọn obìnrin lónìí. N ò ní í sáìnì, mà, àfi bí wọ́n bá fi ọ̀nà omi wa sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá nìkan sọ ọ́, wọ́n á ní ọmọdé ń ṣe agídí. Ẹ bá mi tì í lẹ́yìn."

Rónkẹ́ gbọ́ ọ yékéyéké. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ta dànù níbẹ̀. Ó yí ẹja kan padà lórí wáyà, ó tún yí i padà sí bó ṣe wà.

"Ìwọ tí o gbọ́n ju gbogbo wa lọ, kí lo tún ń wá ní ẹsẹ̀ ààrò mi? Dìde ńlẹ̀, kí eérú má baà ba káàdì rẹ jẹ́."

Ummulkhair dìde. Ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì lọ.

Nígbà tí Àmúsà jáde láti jẹun, ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀kọ àti ọbẹ̀ síwájú rẹ̀. Àmúsà ṣí ìkòkò, ìrù ẹja ló bá. Ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí aya rẹ̀ sì ń yan ẹja tà, ìrù ló bá nínú ọbẹ̀. Ó wo ìrù náà, ó wo Rónkẹ́, ó sì gbà pé oúnjẹ ni oúnjẹ ń jẹ́.

"Ó yẹ kí inú ẹ̀yin ìyàwó ilé yìí máa dùn," ni ó wí, kò mọ̀ pé iná ni òun ń tẹ̀. "Lọ́jọ́ tí Ìyá Aneesah ń bá àwọn ènìyàn yẹn sọ̀rọ̀, gbogbo wọn ló dákẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ń ya lẹ́nu rẹ̀ bí omi."

"Kó wá máa se ọbẹ̀ fún yín nígbà náà, Bàbá Quadri. Kó máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹran inú rẹ̀."

"Kí ni mo sọ báyìí?"

"Ẹ ò sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ ẹ̀kọ yín."

Àmúsà jẹ díẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò jẹ́ kó dákẹ́ pẹ́. "Bí wọ́n bá kọ́ rìsọ́ọ̀tì yẹn tán, àlejò á máa wọ ọkọ̀ gba orí ọ̀sà. Ta ló máa máa tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn ṣe? Ta ló tún wà nítòsí, bí kò ṣe èmi?"

"Ṣé wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ni?"

"Wọn ò tíì sọ ọ́. Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ ni?"

Bí ìrètí ṣe rí ní Èbúté Aláàrò lásìkò yẹn nìyẹn. Wọn kò ṣèlérí kan pàtó fún ẹnikẹ́ni, gbogbo ènìyàn ló sì ti ń ná èrè rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ti jáde ìwé láìríṣẹ́ ti ń wá bàtà dúdú tí wọn yóò fi ṣe wétà. Àwọn tó ní yàrá méjì ti ń lérí pé àwọn yóò lé ayálégbé kúrò, kí àwọn lè rí àwọn òṣìṣẹ́ ọlọ́wọ́ gbà sílé. Ẹ̀rù sì ń bà wọ́n lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí kò sí ẹni tí kò tíì rí bí wọ́n ṣe ń fi katakata wó ilé àwọn tálákà létí omi ní Èkó yìí. Ẹni tó ń ra bàtà wétà lójú ọ̀sán, òun náà ló ń di ẹrù rẹ̀ wò bó bá di alẹ́.

Rónkẹ́ náà ní ìrètí tirẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún ọkọ, kò sọ ọ́ fún ọmọ. Ó máa ń rí ara rẹ̀ lábẹ́ agbòjò ńlá kan ní etí omi, ó wọ épúrọ̀nì funfun, àwọn àlejò tò síwájú rẹ̀, wọ́n ń jẹ ọ̀bọ̀kún tó yan, wọ́n ń lá ìka. Bọ́ọ̀dù kan wà lókè orí rẹ̀, orúkọ òun ló wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé fìlà fún Ummulkhair, bó bá ti fẹ́ ronú kan agbòjò yẹn, Ummulkhair ló máa ń bá lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà ti jókòó sórí àlá rẹ̀, kò sì dìde.

Kò pẹ́ tí Àmúsà jáde ni Margaret dé láti ilé kejì. Edé ni Margaret ń tà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni ọjà rẹ̀ tó tà jù. Ó mú àfọ́kù ìkòkò dání, ó ní iná lòun wá fọn.

"Ìyá Quadri, ṣé o ti gbọ́?"

"Kí ni mo gbọ́?"

Margaret fi àfọ́kù kó ẹyin iná, ó rọra ń kó o, kí ọ̀rọ̀ lè gùn. "Wọ́n ní gbogbo kíṣìnnì rìsọ́ọ̀tì yẹn, Ìyá Aneesah ni wọ́n gbé e fún. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ta ẹja tàbí edé síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló máa gbà kọjá. Bí ó bá wù ú kó rà, bí kò bá wù ú kó má rà."

"Ta ló sọ ọ́?"

"Ṣé mo wà níbẹ̀ ni? Wọ́n ń sọ ọ́ ni. Ṣé wọ́n kàn lè máa gbé fìlà fún ènìyàn lásán?" Ó mi orí. "Ayé ti yí, Ìyá Quadri. Wọ́n máa ń sọ pé pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó wà lókè àjà fún ìyàwó. Ti ìsinsìnyí yàtọ̀. Ìyàwó ló ń mú pàṣán náà dání, ó ń wojú ìyálé."

Òórùn kan ló gba imú àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ bojú wo orí wáyà. Ìpele ẹja tó wà nísàlẹ̀ ti jó, ó dúdú. Láti ìgbà tí Rónkẹ́ ti wà ní àgbàlá yẹn, ẹja kì í jó lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìyàwó kéékèèké tó wà ní ìdí ààrò wọn rí i, wọ́n sì yára gbójú kúrò. Rónkẹ́ ṣa àwọn ẹja náà sínú abọ́ kan. Ó kà á mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ Ummulkhair.

Nígbà tí oòrùn mú, wọ́n pe mítìn sí èbúté gan-an, níbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀. Wọ́n ta kánópì, wọ́n to àga funfun sábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́yìn, páànù ló kún inú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó irin, àwọn òṣìṣẹ́ sì sùn sábẹ́ rẹ̀ níbi òjìji. Ẹnì kan bèèrè ohun tí páànù náà wà fún. Wọ́n ní kò wà fún nǹkan kan, pé ó kàn ń sinmi ni.

Bàbá Àkàngbé, olórí ẹbí tó ni ilẹ̀, jókòó ní iwájú pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Àbúrò bàbá Àmúsà ni. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọmọkùnrin kọ́ńpìnnì jókòó sí, Ayọ̀kànmí ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà mọ àgbà í kí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá títí yanrìn fi kan ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń wí pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n gbé àga Ummulkhair sí. Àga tirẹ̀ ní tìmùtìmù.

Ẹ̀yìn ni Rónkẹ́ wà láàrin àwọn ìyàwó ilé. Ó wo tìmùtìmù yẹn títí ojú fi ń ta á.

"Iná ìjọba ńkọ́?" ni Margaret bèèrè.

"Iná á dé, mà," ni Ayọ̀kànmí wí. "A ò lè tan iná fún àlejò ká fi ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ onílé sínú òkùnkùn."

"Ọ̀nà wa tó kún fún ẹrẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ọ̀dà á dé ẹnu ilẹ̀kùn yín."

"Iṣẹ́ fún àwọn ọmọ wa?"

"Iṣẹ́ á pọ̀ débi pé ẹ ó máa pe ẹbí yín wá láti ilé."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àtẹ́wọ́ lọ sílẹ̀, Ummulkhair dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọ̀nà omi wa ńkọ́?"

Ayọ̀kànmí rẹ́rìn-ín. "Madam, ìyẹn ò le. A máa wò ó tó bá yá."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó kó tó yá. Níbi tí a dúró sí yìí ni àwọn apẹja ti ń já ẹja fún wa lójoojúmọ́. Bí ẹ bá dí i, ẹja ò ní í dé ààrò. Bí ẹja ò bá dé ààrò, kí ni àwa ó máa fi iná tí ẹ máa fún wa wò? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀nà omi àwọn aláàrò á wà ní ṣíṣí, èmi náà á sáìnì. Bí kò bá sí níbẹ̀, n ò sáìnì."

Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹnì kan ní, "Òótọ́ ni." Ẹlòmíràn ní, "Ìyá Aneesah, má gbà o." Òógùn yọ níwájú orí Ayọ̀kànmí. Ó ṣí páálí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó mú omi inú ọ̀rá ike tó tutù nini, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ummulkhair pé kó mu, kó fara balẹ̀. Ummulkhair gbà á, kò mu ún. Margaret tó fọn iná ní àárọ̀ ló wá ń pàtẹ́wọ́ jù nínú gbogbo wọn báyìí, ó ní, "Ọlọ́run á dá ẹ sí fún wa, Ìyá Aneesah. Ìwọ ni ìyá wa níbí."

Ìyá wa. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Rónkẹ́ láyà. Bí Margaret bá ti pa ẹnu mọ́ ni, bóyá nǹkan kì bá tí rí bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n Rónkẹ́ wo ọmọ tí òun fi ọwọ́ ara òun kọ́ ní iná dídá, ó wo omi tútù lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo fìlà, ó wo tìmùtìmù, ó sì rí i pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá yọrí sí rere, Ummulkhair ni wọn yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Kò lè fara da á. Ó gba àárín àwọn ènìyàn kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àkàngbé.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní. Ta ló ni ilẹ̀ yìí?"

"Ilẹ̀ ẹbí ni," ni bàbá wí.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ ẹbí? Ṣé ìyàwó ni? Ilé ọkọ ni èmi àti Ìyá Aneesah wà. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, n ò rí i kí ìyàwó jókòó ti àgbà lórí àga, kó máa sọ pé ohun tí olórí ẹbí bá fẹ́ kò ní í ṣe é ṣe. Bí ìyàwó bá ń dá ilẹ̀ ẹbí dúró lónìí, Bàbá, lọ́la ó máa tà á."

Ariwo lọ sílẹ̀. Ummulkhair yí ojú wo Rónkẹ́. Kò bínú sí i, ó kàn ń wò ó bí ẹni tó ń retí kó sọ ìyókù.

Bàbá Àkàngbé fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. Ara rẹ̀ kò kúkú lélẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó kékeré ti ń sọ̀rọ̀ níṣojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ àgbà lo sọ yẹn, Ìyá Quadri. Ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn."

Ayọ̀kànmí náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì jẹ́ kó tutù. Ó tún dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, àwa ò wá láti da àṣà yín rú o. A ò mọ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ níbí, tí àwọn ìyá fúnra wọn sì fẹnu ara wọn sọ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé sáìnì àwọn obìnrin ò tiẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Olórí ẹbí á fọwọ́ sí i fún gbogbo ilé. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," ni àwọn ọkùnrin wí.

"Àwọn ìyàwó ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ onílẹ̀ jókòó."

Ohun tí Rónkẹ́ rò ni pé Ummulkhair nìkan ni yóò dìde. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àga kúrò ní ìdí àwọn obìnrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba ti Margaret. Wọ́n gba ti ìyàwó imáàmù. Nígbà tí Rónkẹ́ padà sí àyè rẹ̀, kò bá àga níbẹ̀. Kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ilé. Àwọn ọmọbìnrin ẹbí ti lọ sílé ọkọ wọn ní Muṣin àti Ìlúpéjú, àwọn náà ń jẹ́ ìyàwó lọ́hùn-ún. Gbogbo ẹni tó ń yan ẹja ní Èbúté Aláàrò pátá, ìyàwó ni. Inú oòrùn ni gbogbo wọn wá dúró sí.

Ìgbà náà ni nǹkan kan jí nínú Rónkẹ́. Ó tún sún síwájú.

"Bàbá, ọ̀nà omi yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà omi yẹn ṣe pàtàkì."

"Ìyá Quadri." Bàbá kò gbé ojú sókè, wọ́n ti ń fi yíǹkì kun àtàǹpàkò rẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ẹnu rẹ ló sọ ọ́?"

Rónkẹ́ wo Àmúsà láàrin àwọn ọmọ onílẹ̀, kó lè bá òun sọ nǹkan kan. Àmúsà ń wo bàtà rẹ̀. Pàṣán tó wà lókè àjà fún ìyàwó ti sọ̀kalẹ̀, kò sì bèèrè èwo ni ìyálé. Bàbá Àkàngbé tẹ ìka, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Ummulkhair ti bọ́ fìlà, ó bọ́ káàdì, ó gbé wọn lé orí àga onítìmùtìmù pẹ̀lú omi tí kò mu, ó sì lọ sílé.

Lẹ́yìn náà wọ́n pín ìrẹsì inú páàkì. Wọ́n pín in kan àwọn ìyàwó náà. Ẹran adìyẹ wà nínú ti Rónkẹ́.

Ó gbé e délé, kò ṣí i. Àmúsà wọlé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Mo bá ọmọ yẹn sọ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì," ni ó wí. "Ó ní àwọn tó ń ta ọkọ̀ fún wọn ló ń tún un ṣe."

Rónkẹ́ fẹ́ dákẹ́, kò lè dákẹ́. "Kíṣìnnì ńkọ́? Ta ni wọ́n gbé e fún?"

"Kíṣìnnì wo?"

"Èyí tí wọ́n gbé fún Ìyá Aneesah."

Àmúsà wò ó bí ẹni tó ń wo àjèjì. "Kò sí nǹkan tí wọ́n gbé fún ẹnikẹ́ni. Mo bèèrè. Ẹja inú yìnyín ni wọn ó máa lò, wọ́n ti mọ ibi tí wọn ó ti máa gbé e wá. Wọ́n ní èéfín tiwa gan-an ò dáa fún àlejò." Ó dìde, ó mú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Mo ń bọ̀."

Rónkẹ́ ì bá yàn kó na òun lẹ́gba ju kó sọ bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ pé ó jà ni, òun náà á jà, wọ́n á pariwo, àwọn ará ilé á wá là wọ́n, ọ̀rọ̀ náà á sì dà bí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Ọkùnrin náà lọ ní tirẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ èbúté, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi òòlù kan irin. Páànù ti sinmi tó.

Ìròyìn kì í pẹ́ kó tó yí àgbàlá ká. Àwọn obìnrin tí kì í kọjá níwájú ààrò Rónkẹ́ láìkí i, wọ́n ń gba ẹ̀yìn kànga kọjá. Margaret dúró ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń sọ fún ẹnì kan kí Rónkẹ́ lè gbọ́, pé òun ti ń sọ ọ́ láti àárọ̀ pé owú ò dáa, pé ẹyin lohùn. Obìnrin tó kó ẹyin iná lọ ní àárọ̀ nìyẹn. Rónkẹ́ ní èsì lẹ́nu, ṣùgbọ́n ta ló máa fún? Ó kó àwọn ẹja tó jó sí ẹ̀yìn ilé fún ológbò.

Ní ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, ó gbé báàfù rẹ̀, ó gba èbúté lọ bó ṣe máa ń lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbé e, kò sí ibòmíràn tí ẹsẹ̀ náà mọ̀ ní irú àkókò yẹn. Ó bá àwọn obìnrin níbẹ̀, wọ́n gbé báàfù lérí, wọ́n tò lọ gbọọrọ níwájú páànù tó tàn yinrinyinrin láti ẹ̀gbẹ́ ilé imáàmù títí wọ inú omi lápá kejì. Ẹ̀yìn páànù ni ọ̀sà wà. Wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀. Wọn kò rí i.

Ummulkhair wà láàrin wọn, híjáàbù lásán ló wà lórí rẹ̀. Àwọn obìnrin yí i ká díẹ̀díẹ̀, ẹnì kan ń bá a gbé báàfù rẹ̀ dání, ẹlòmíràn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó pàdánù gẹ́gẹ́ bí gbogbo wọn ṣe pàdánù, ṣùgbọ́n bó bá délé, yóò lè sùn. Rónkẹ́ dá dúró ní apá kan, ó ń wò ó, ìtìjú sì bò ó nítorí ohun tó ń ṣe é láyà. Ó ṣì ń jowú. Fìlà ti lọ, tìmùtìmù ti lọ, ọwọ́ Ummulkhair tó mọ́ ló wá ń jowú báyìí.

Wọ́n gbọ́ ìró àjẹ̀ nínú omi. Ọkọ̀ sún mọ́tòsí, ó dúró. Àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ ń sọ èdè Ẹ̀gùn síra wọn, ohùn wọn ga bí ẹni tí ọ̀nà dàrú mọ́ lójú. Lẹ́yìn náà ni ohùn Àgòsú jáde láti ẹ̀yìn páànù, bó ṣe máa ń jáde lójoojúmọ́.

"Ìyá Quadri o."

Kò sí obìnrin tó mira. Àṣà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn ṣáájú rẹ̀, àní ní ọjọ́ yẹn. Ummulkhair kúrò láàrin àwọn tó yí i ká. Ó wá dúró lẹ́yìn Rónkẹ́, ní ibi tí ìyàwó máa ń dúró sí, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sínú yanrìn gẹ́gẹ́ bó ṣe kúnlẹ̀ ní àárọ̀.

"Ìyálé mi," ni ó wí, ohùn rẹ̀ tutù, kò sì sí ẹ̀gàn níbẹ̀ tí ènìyàn lè dì mú. "Wọ́n ń pè yín, mà. Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ mú."

"Ìyá Quadri o," ni Àgòsú tún wí.

Rónkẹ́ gbé báàfù sílẹ̀. Ó na ọwọ́, ó sì kan páànù.